Ibi Tí Mo Wà Lórí Fóònù Mi Nìkan

Koríko ni mo ń fà kúrò nínú ọ̀rá ọmọ ọ̀pẹ nígbà tí fóònù mi dún. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ti rọ̀, koríko kì í sì í ṣe agídí nírú àkókò bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò fẹ́ dìde. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú fóònù, mo gbé e sétí. Ọkùnrin kan láti Ìrókò ni, tó ra ọmọ ọ̀pẹ lọ́wọ́ mi lọ́dún tó kọjá. Ó kí mi, ó bèèrè ilé, ó bèèrè oko, ó ní àwọn ọ̀pẹ òun ń ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó tìtorí rẹ̀ pè. Aládùúgbò rẹ̀ kan fẹ́ gbin ọ̀pẹ, ó sì ti ní kó wá sọ́dọ̀ mi. Nọ́ńbà mi kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ló bá ní kí onítọ̀hún kàn kọ ọmọ ọ̀pẹ àti Ìbàdàn sórí fóònù lédè òyìnbó, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe nígbà tó kọ́kọ́ rí mi. Ọkùnrin náà kọ ọ́, kò rí mi. Ó ti ra tirẹ̀ níbòmíràn.

Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Mo ní mo wà níbẹ̀. Mo ti rí ara mi láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an kí n tó jáde nílé, lókè pátápátá, pẹ̀lú àwòrán àtíbàbà wa. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní bóyá aládùúgbò òun ni kò mọ̀ ọ́n wá. A dágbére fún ara wa. Mo padà sídìí koríko, ṣùgbọ́n mo fa ọmọ ọ̀pẹ kan tu mọ́ koríko, ohun tí n kì í ṣe.

Ọgbà náà wà ní abúlé ọkọ mi, ní ọ̀nà tó yà kúrò lójú títì bí ènìyàn bá kọjá Ìyànà Ọ̀fà díẹ̀. Lẹ́yìn tí mo jáde girama ni mo kọ́ iṣẹ́ yìí, nígbà tí mo ń ṣe lébìrà ní ọgbà ńlá kan tí wọ́n ti ń tọ́ ọ̀pẹ àgíríìkì. Iṣẹ́ onísùúrù ni. Èkùrọ́ tó ti hù ni à ń rà, a ó gbìn ín sínú ọ̀rá kékeré lábẹ́ àtíbàbà, lẹ́yìn oṣù mélòó kan a ó ṣí i sínú ọ̀rá ńlá, a ó sì máa bomi rin ín lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀. Bó bá tó bí ọdún kan, ó yẹ kó kúrò lọ́wọ́ wa, kó wọ oko ẹni tó fẹ́ gbìn ín, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Bí kò bá kúrò, gbòǹgbò rẹ̀ yóò lu ọ̀rá, yóò wọ ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá fà á nígbà náà, ó fà á pa ni.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi, kì í sì í ṣe ti ọkọ mi nìkan. Ilẹ̀ ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó jẹ́ àgbà ilé, ló yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi. Wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo ilé pé níwọ̀n ìgbà tí ọ̀pẹ bá ń lọ lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni má dí mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí òjò bá parí lọ́dún kan tí ọ̀pẹ kò lọ, wọn yóò kó o kúrò, wọn yóò gbin ẹ̀fọ́ àti ata ẹ̀ẹ̀rùn síbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ odò jù nínú gbogbo ilẹ̀ wa. N kò rí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ etí odò kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Lẹ́bàá títì ní Ìyànà Ọ̀fà ni mo ti ń ta ọ̀pẹ tẹ́lẹ̀. N ó kó ìwọ̀nba ọ̀rá lọ láàárọ̀, n ó kó èyí tó ṣẹ́kù padà nírọ̀lẹ́, ewé wọn yóò ti ṣá nínú oòrùn. Nígbà tó yá, ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Moniya, wá ya àwòrán ọgbà, ó sì la ìkànnì kan fún mi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó kọ ohun tí à ń tà síbẹ̀, ó júwe ọ̀nà, ó fi nọ́ńbà mi sí i. Kò pẹ́ tí ẹni tó bá kọ ọmọ ọ̀pẹ àti Ìbàdàn sórí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í rí wa ṣáájú ẹnikẹ́ni. N kò mọ ẹni tó gbé wa síbẹ̀. Ọmọ mi náà kò mọ̀. Ó ní bóyá nítorí pé àwa tí a wà níbẹ̀ nígbà náà kò pọ̀ ni.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n wá láti Ọ̀yọ́, wọ́n wá láti Ìlọrin, ọkùnrin kan tiẹ̀ wá láti apá Kàbbà. Mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ olúkúlùkù wọn bóyá ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àbàtà tàbí òkè, àti ẹni tí yóò máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, kí n tó mọ ìlà tí n ó ti mú un fún un. Mo fi ẹ̀bá títì sílẹ̀. Ẹlòmíràn ti ń ta epo níbẹ̀ báyìí.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan nípa ọjà kí ọ̀rọ̀ mi lè yé ènìyàn. Ìyá mi ta ata ní ọjà Ìyànà Ọ̀fà títí wọ́n fi darúgbó. Nígbà ayé wọn, kò sí ìwé kankan tó ń sọ ẹni tó ni ibi ìjókòó. Olórí ọjà yóò fi ibì kan hàn ọ́ lọ́jọ́ tí o bá kọ́kọ́ dé, láti ọjọ́ náà lọ, bí o bá ṣe ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀ ni yóò ṣe máa jẹ́ tìrẹ. Nígbà tí ìyá mi ṣàìsàn, èmi ni mo ń lọ gbá a. N ó gbá a kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, n ó sì padà sílé láìta ẹyọ ata kan. Ẹni tí kò bá gbá ibi tirẹ̀ fún ọjà mélòó kan, bó bá dé, agbọ̀n ẹlòmíràn ni yóò bá níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀.

Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ọmọ mi ti fi hàn mí pé àwa la wà lókè, mo ń gbá ibi tèmi. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é. Bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, n ó mú fóònù, n ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí i, a ó yọ lókè, n ó tẹ̀ ẹ́, ìkànnì wa yóò ṣí, n ó wò ó látòkè délẹ̀, n ó pa á dé. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni ibẹ̀ ṣe ń mọ̀ pé a kò tíì kó lọ. N kò sọ fún ọmọ mi. Ta ló ń sọ fún ènìyàn pé òun gbálẹ̀?

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, òjò bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kò sì sí ẹni tó wá. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń dúró de òjò kejì. Òjò kejì dé. Ọkọ mi ní kò sówó nílùú ni. Ó ní kí a ṣe sàárà, a sì din àkàrà fún àwọn ọmọ ilé kéú, wọ́n ṣe àdúà fún wa. Fóònù mi ń dún, ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ló ń pè. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rìn wọ inú ọgbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n rìn láàárín ìlà méjì, wọ́n fi ọ̀pá wọn kan ọ̀rá kan.

Wọ́n ní, “Ìyàwó, ọ̀pẹ yìí mà ń ga.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n yí padà, wọ́n ń wo apá odò, mo sì mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ohun tó rú mi lójú jù ni pé láràárọ̀, bí mo bá ti mú fóònù, àwa náà ló wà lókè. Ẹni tó jókòó síwájú pátápátá nínú ọjà tí kò sì rí tà, ọjà rẹ̀ ló yẹ kó yẹ̀ wò. Mo yẹ tèmi wò. Mo pe àwọn tó ti rà lọ́wọ́ mi, mo bèèrè bóyá ọ̀pẹ mi kú lọ́wọ́ wọn, bóyá ẹnì kan ń sọ ọ̀rọ̀ burúkú nípa mi. Kò sí. Ẹnì kan tilẹ̀ ń bi mí bóyá ara mi yá. Mo yọ àwọn tó rá, tí kò dàgbà bó ti yẹ, kúrò láàárín àwọn ọ̀pẹ náà sẹ́bàá ọgbà, àwọn tí ewé wọn tín-ín-rín bí ewé koríko, tí kì í so èso, kí ẹni tó bá dé má baà rí wọn. Ẹnikẹ́ni kò dé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí ará Ìrókò pè mí.

Lọ́jọ́ kejì mo wọkọ̀ lọ sí Ìwó Róòdù, mo wọ òmíràn lọ sí Ojóò, mo sì ti ibẹ̀ dé Moniya. Ọkọ ọmọ mi ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì, ọmọ mi ń ta ìdérí fóònù àti wáyà tí wọ́n fi ń gba iná sí i níwájú ibẹ̀. Mo sọ ohun tí ará Ìrókò wí. Ọmọ mi ní kí n má ṣèyọnu, ó mú fóònù tirẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sí i. Ó fi ìka fa ojú fóònù sókè, ó tún fà á.

Mo ní kí ló dé. Ó ní kí n mú tèmi wá.

A gbé fóònù méjèèjì sí orí dígí tábìlì. Ọ̀rọ̀ kan náà la kọ sí méjèèjì. Lórí tèmi, àwa la wà lókè. Lórí tirẹ̀, àwòrán ló kún òkè, wọ́n wà nínú àpótí àpótí, ọmọ ọ̀pẹ nínú ìkòkò funfun, iye tí wọ́n ń tà á wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn àwọn yẹn ni àwọn ìkànnì ńlá tó ń ta gbogbo nǹkan, láti orí bàtà dé orí fìríìjì. A kò sí níbẹ̀. Ó ṣí ojú ìwé kejì. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ la wà, lábẹ́ ẹnì kan ní Benin tí ọmọ mi ní ó ti pa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tì tipẹ́.

Mo ní bóyá fóònù tirẹ̀ ló bàjẹ́. Kò bá mi jiyàn. Ó wọ ẹ̀gbẹ́ lọ yá fóònù obìnrin télọ̀ tó wà níbẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ náà níwájú mi. Ohun tó yọ lórí fóònù ọmọ mi ló yọ lórí ìyẹn náà.

Ọkọ ọmọ mi, tó ń tú fóònù kan palẹ̀ látìgbà yìí, wá gbé orí sókè. Ó bi mí bóyá mo máa ń wá ara mi lórí fóònù yẹn. Mo ní láràárọ̀ ni. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, bí mo ti sọ ọ́ síhìn-ín yìí, ti ọjà, ti ìyá mi, ti ilẹ̀ gbígbá. Ó dojú bolẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Ọmọ mi fi ojú bá a wí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín tán, ó ní fóònù mọ olówó rẹ̀. Ohun tí ènìyàn bá ń tẹ̀ ṣáá ló máa ń gbé síwájú rẹ̀, kó lè tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Inú yàrá yín lẹ ti ń gbá ọjà látọjọ́ yìí.”

Obìnrin télọ̀ tó tẹ̀ lé ọmọ mi wọlé náà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ń ronú gbogbo òwúrọ̀ wọ̀nyẹn. N kò mọ ìgbà tí ibi tí mo rò pé mo wà ti di ibi tí n kò sí mọ́, n kò sì ní mọ̀ láéláé, nítorí pé ojú tèmi nìkan ni mo fi ń wò ó.

Mo bèèrè ẹni tó gba ibi wa. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Ọmọ mi ní àwọn àpótí àwòrán tó wà lókè yẹn, àwọn tó ni ẹ̀rọ tí à ń fi wá nǹkan fúnra wọn ló ṣe é. Ó ní wọ́n ti di ọlọ́jà lórí ọjà tí wọ́n ń pín, wọ́n ń gbé tiwọn àti ti àwọn tó bá bá wọn mulẹ̀ síwájú, wọ́n ń ti àwọn yòókù sẹ́yìn. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n ti ń pe irú wọn lẹ́jọ́ lókè òkun nítorí rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ní ẹjọ́ wo ló wà níbẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọjà, tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń wọ̀ ọ́, ṣé kò lè pàtẹ tirẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ni? Ó yíjú sí mi, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni o, ó bèèrè bóyá mo sanwó ibi tí mo wà tẹ́lẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní ta ló wá ṣèlérí fún mi pé n ó pẹ́ níbẹ̀.

Lóòótọ́ ni, kò sí ẹni tó ṣèlérí.

Ọmọ mi ní kí ọkọ òun má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ọjà kan láàárín ọ̀pọ̀ ọjà ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá tọ̀nà. Ṣùgbọ́n bó bá ṣe pé gbogbo ọ̀nà tó wọ ìlú, ọjà ẹnì kan ṣoṣo ló gbà kọjá ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n la ọ̀nà mìíràn. Ọmọ mi ní, “Baba ọmọ mi, ìwọ wá la ọ̀nà náà ká rí ọ.” Obìnrin télọ̀ ní kí wọ́n má jà nítorí ọ̀pẹ. Mo jókòó sáàárín wọn, bí ọmọ mi bá sọ̀rọ̀, mo rò pé òdodo nìyẹn, bí ọkọ rẹ̀ bá sì fèsì, mo rò pé òdodo nìyẹn náà.

Mo rántí olórí ọjà ayé ìyá mi. Ata lòun náà ń tà kó tó jẹ oyè. Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jẹ, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ kúrò níwájú títì, ó lọ jókòó sídìí odi lẹ́yìn ọjà pátápátá, ó ní ẹni tó ń pín ibi ìjókòó kò gbọdọ̀ jókòó síbi tó dára jù. Ìyá mi máa ń sọ ọ́ fún wa gẹ́gẹ́ bí ìwà àgbà. Mo sọ ọ́ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù, inú ọmọ mi dùn, ó ní ohun tí òun ń wí nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà nínú ọkọ̀ tí mò ń padà bọ̀, mo rántí pé àwọn ènìyàn a máa rìn dé ìdí odi náà lọ ra ata lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó lè mọ̀ wọ́n lójú. Ó ń tà ju ìyá mi lọ. N kò wá mọ ohun tí ìtàn náà ń sọ mọ́.

Ọmọ mi kọ̀wé sí àwọn tó ni ẹ̀rọ náà láti orí ìkànnì. Èsì dé kó tó gbé fóònù sílẹ̀: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, wọ́n sì bèèrè bóyá ìdáhùn náà ràn wá lọ́wọ́. Kò sí ìdáhùn kankan nínú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní a lè sanwó kí wọ́n gbé wa sókè. A san díẹ̀. A sì gòkè lóòótọ́, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ wa pé ìpolówó ni. Àwọn kan pè, wọ́n bèèrè iye, wọn kò wá. Nígbà tí owó náà tán, a sọ̀kalẹ̀. Lójú mi, a sọ̀kalẹ̀ ju ibi tí a wà tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n n kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lórí rédíò pẹ̀lú, nígbà tí mò ń bomi rin àwọn ọ̀pẹ. Ọkùnrin kan tó mọ òfin ìdíje nínú òwò ló ń sọ̀rọ̀. Ó ní bí ẹni tó di ọ̀nà mú bá ń lo ọ̀nà náà láti fi gbé ọjà tirẹ̀ lárugẹ, ó lè lòdì sí òfin, ó sì lè má lòdì. Ó kù sọ́wọ́ ohun tí wọ́n bá rí nígbà tí wọ́n bá wádìí. Ó ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ gan-an. Ẹnì kan pè wọlé láti bèèrè pé kí ni kí ẹni tí wọ́n tì sẹ́yìn máa ṣe kí ẹjọ́ tó parí. Rédíò já. Nígbà tó fi padà, orin ni wọ́n ń lù.

Mo gbé ọ̀rá kan lọ́jọ́ yẹn, kò gbé sókè wẹ́rẹ́ bó ti yẹ. Mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wo abẹ́ rẹ̀. Gbòǹgbò funfun ti yọ, ó ti ń wá ilẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkùnrin kan pè mí. Kì í ṣe orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rí mi. Ó rí nọ́ńbà mi lára pátákó tí ọkọ mi kọ sí oríta. Ó wá pẹ̀lú ọ̀kadà, ó yí ọgbà ká, ó kúnlẹ̀ wo abẹ́ ọ̀rá bí ẹni tó mọ ohun tó ń wò. Ó ní òun yóò kó gbogbo rẹ̀. Mo bi í bóyá ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àbàtà tàbí òkè. Ó ní òun kò ní ilẹ̀ kankan, orí fóònù lòun ti ń tà wọ́n. Ó sì fi hàn mí. Ọ̀kan nínú àwọn àpótí àwòrán yẹn ni tirẹ̀, èyí tí ìkòkò rẹ̀ funfun.

Mo bi í bó ṣe dé ibẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́, kì í ṣe pé mo ń bá a jà.

Ó ní, “Ìyá, n kò lè tàn yín. Ohun tí wọ́n bá ní ká ṣe là ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá, ẹnikẹ́ni kò rí mi níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún yí i padà lọ́la, èmi náà á máa wá ẹni tí n ó tọ̀ lọ.”

Bí mo ṣe ń fẹ́ kí inú bí mi sí i, kò ṣeé ṣe mọ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó sọ ohun tó ń fẹ́. Kí n má fi nọ́ńbà mi há ara ọ̀rá kankan. Mo máa ń ki igi pẹlẹbẹ bọ orí ìlà kọ̀ọ̀kan, oṣù tí a gbìn ín ni mo ń kọ sí i. Ó ní òun kò nílò àwọn yẹn. Ó tún nawọ́ sí àwọn tó rá tí mo kó sẹ́bàá ọgbà, ó ní òun yóò kó wọn mọ́ ọn, ẹni tó ń rà á lórí fóònù kì í mọ̀. Mo ní rárá. Ó ní ẹ̀dínwó ni òun yóò fi gbà á. Mo wọlé, mo mú àdá jáde, mo bẹ́ wọn níkọ̀ọ̀kan níwájú rẹ̀, kí ọkàn ẹnikẹ́ni má baà tún lọ síbẹ̀. Ó dúró tì mí títí mo fi ṣe é tán.

“Ìyá yìí le o,” ló sọ fún ọkọ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi ní òun ti mọ̀ tipẹ́.

Mo ní kí ó fún mi ní ọjọ́ kan kí n fi rò ó. Ọkọ mi ní ọ̀pẹ mi ni, èmi ni kí n sọ. Bí mo bá kọ̀, n kò mọ ẹlòmíràn tí yóò wá kí òjò tó dáwọ́ dúró. Bí mo bá gbà, ọ̀pẹ mi yóò gba ibi gan-an tí wọ́n ti tì mí kúrò lọ sí ọjà, àwọn tó bá sì rà á yóò tún wá a níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo pe ọmọ mi. Ó ní kí n má tà á. Ọkọ rẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n tà á. Mo gbọ́ tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Mo gé ìpè náà, mo lọ wo abẹ́ ọ̀rá mélòó kan sí i, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo pe ọkùnrin náà pé kó máa bọ̀.

Mo lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé ọ̀pẹ ń lọ. Wọ́n bèèrè bóyá gbogbo rẹ̀ ni. Mo ní gbogbo rẹ̀ ni. Wọ́n ní ó dára, kí àwọn tó fẹ́ gbin ata síbẹ̀, tí àwọn ti bá sọ̀rọ̀, lọ wá ilẹ̀ síbòmíràn, ilẹ̀ etí odò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n bèèrè àwọn tó rà á. Mo ní ẹnì kan ni.

Wọ́n ní, “Ẹnì kan ṣoṣo?” Wọ́n mi orí díẹ̀. Wọ́n ní kí n tọ́jú onítọ̀hún dáadáa nígbà náà. N kò mọ̀ bóyá ìmọ̀ràn ni wọ́n fi fún mi tàbí ìkìlọ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù dé láàárọ̀. Àwọn tó ń kó ẹrù mọṣẹ́, wọn kò di ewé mú, abẹ́ ọ̀rá ni wọ́n ń gbé. Ìlà kan tán, òmíràn tán, ilẹ̀ sì ń hàn, àmì róbótó róbótó ló wà lórí rẹ̀ níbi tí ọ̀rá jókòó sí. Mo fa àwọn igi pẹlẹbẹ tu, mo kó wọn sábẹ́ apá. Nígbà tí wọ́n ń fi okùn de ẹ̀yìn ọkọ̀, mo lọ bá ọkùnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ní ìlà mẹ́ta tó wà lápá odò mọ omi púpọ̀, kí ẹni tó bá ní ilẹ̀ òkè má gba nínú wọn, bó bá sì gbà, kó bomi rin wọ́n dáadáa ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́. Mo ní bí ewé bá pọ́n lẹ́nu, kí wọ́n má bẹ̀rù, kí wọ́n fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí ìdí rẹ̀, kó má sún mọ́ ọn jù. Ó tẹ́tí sí mi dé òpin. Ó ní kí n tún ti ìlà apá odò sọ, mo tún un sọ, ó sì fi ìka júwe wọn nínú ọkọ̀ títí mo fi gbà pé ó mọ̀ wọ́n. Ó wọ iwájú ọkọ̀, ó yọ orí síta.

Ó ní, “Màá sọ ọ́ fún wọn, Ìyá. Ṣùgbọ́n wọ́n á rò pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n.”